Yíyan Ọ̀nà Ẹ̀kọ́ Lẹ́yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Ìmọ̀ràn fún Òbí àti Ọmọ



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ó ń lé oorun lójú ọ̀pọ̀ òbí ní ọdọọdún, pàápàá ní àkókò tí èsì ìdánwò WAEC àti ti NECO bá jáde. Ọmọ ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama; ará ilé yọ̀, wọ́n sì dúpẹ́; ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìbéèrè fi dé pé, “Kí ni ọmọ yìí yóò kọ́ báyìí?” Bí a kò bá fi sùúrù dáhùn ìbéèrè yìí, ó lè gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́ ọmọ, ó sì lè gba oko kòkó lọ́wọ́ baba. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a jókòó ti ọ̀ràn náà, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ.

ÒGO ÈKÌTÌ ÀTI IBI TÍ Ó TI WÁ

Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú kan láàrin wa tí kì í ka orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ fún àlejò. Ìfẹ́ yìí dára, kò sì yẹ kí a bù ú kù. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó lọ́lá, èyíinì ni iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ lọ́yà àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Bí ọmọ bá dárúkọ òmíràn, ojú baba a fà ro, ìyá a sì máa béèrè bóyá ẹnìkan ni ó yí ọmọ òun lọ́kàn padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ògo náà wá sílé. Òrìn-Èkìtì, ní agbègbè Ìdó, ni a ti bí Adégòkè Olubummo ní ọdún 1923. Ó kàwé ní Fourah Bay College ní Freetown, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955. Òun ni ọmọ Nàìjíríà kejì tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò. Chike Obi ni ó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnìkan bá sọ fún àwọn àgbà Òrìn ní ayé ìgbà náà pé ọmọ wọn yóò fi ìṣirò jẹun, tí orúkọ rẹ̀ yóò sì kàn, mélòó nínú wọn ni ìbá gbà á gbọ́?

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ọdún 1929. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Paul ní Ìkọ̀lé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọjá sí Ekiti Central School ní Adó, ilé-ẹ̀kọ́ tí Àlùfáà Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, tí a mọ̀ lónìí sí Christ's School. Níbẹ̀, ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ ni a fi sí iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un nípa Igbobi College ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1932. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbà á. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé fi owó ràn án lọ́wọ́, ó sì lọ sí Èkó ní ọdún 1940. Nígbà tí ó dé yunifásítì ní Ìbàdàn, ó ní láti yan ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, èdè Látìn àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yan ìtàn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní ọdún 1958, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ gíwá Yunifásítì Èkó láti ọdún 1972 títí di ọdún 1978. Ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà láti ọdún 1841 sí 1891, tí ó jáde ní ọdún 1965, ni àwọn tí ń wádìí ìtàn ìjọ ilẹ̀ wa ṣì ń kà. Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 2014.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Èkíní, ọmọ náà gbọ́ ìròyìn ọ̀nà mìíràn, kò sì di etí rẹ̀. Èkejì, àwọn ará ìlú rẹ̀ kó owó tì í. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ̀kẹta, ó yan ẹ̀kọ́ tí kò ní ariwo ní ẹnu àwọn ènìyàn, ó sì ṣe é dé òpin. Nítorí náà, kì í ṣe nípa pé gbogbo ọmọ Èkìtì wọ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni Èkìtì fi di olókìkí. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wá iṣẹ́ tí ó bá a mu, ó sì ṣe é yọrí. Èyí ni kókó ẹ̀kọ́ wa, òun ni a ó sì tẹ̀ lé dé ìparí.

ÌKÍNÍ: KÍ A BÉÈRÈ IṢẸ́ KÍ A TÓ BÉÈRÈ OYÈ

Oyè ni ohun tí àwọn ènìyàn ń pe ni lóde. Iṣẹ́ ni ohun tí ọwọ́ ẹni yóò máa ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fẹ́ kí a máa pe òun ní dókítà, ṣùgbọ́n tí kò lè dúró wo ojú ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó fẹ́ wọ aṣọ dúdú lọ́yà, ṣùgbọ́n tí kò lè fara balẹ̀ ka ojú-ewé mẹ́wàá láìsinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó, ẹ wo ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdó. Dókítà nìkan kọ́ ni ó ń gbé ilé náà ró. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tí ń ṣọ́ aláìsàn ní òru. Àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò wà níbẹ̀. Apòògùn wà níbẹ̀. Àwọn tí ń ya àwòrán inú ara wà níbẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ ẹni tí ó rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ láti tún rìn wà níbẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀, àwọn tí ń ṣírò owó, àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe pẹ̀lú wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú wọ̀nyí ni ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ó sọ pé òun fẹ́ràn láti máa tọ́jú aláìsàn lè ti rí ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà níbi tí òbí rẹ̀ rí ẹyọ kan.

Nítorí èyí, ẹ mú ọmọ yín lọ bá ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ tí ó wù ú. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ohun tí onítọ̀hún ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ohun tí ó dùn níbẹ̀, àti ohun tí ó korò. Wákàtí kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ọmọ ní àǹfààní ju ọdún kan tí ó fi ń lá àlá lọ.

ÌKEJÌ: KÍ A MỌ OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ Ń BÉÈRÈ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn òbí púpọ̀ kì í sọ̀rọ̀ nípa yunifásítì títí ọmọ yóò fi jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, nígbà náà ni ìlẹ̀kùn púpọ̀ sì ti tì. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti fẹ́ wọ kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ti ń yan ọ̀nà, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń pín wọn sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀ka ìṣòwò.

Àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ni ó ń ṣe ìdánwò ìgbàwọlé. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, mẹ́ta yòókù a sì máa tẹ̀ lé ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni ti ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 400. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yóò mú bàọ́lọ́jì, kẹ́místìrì àti físíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò mú ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místìrì. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ òfin yóò mú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti méjì mìíràn. Bí ọmọ bá fi bàọ́lọ́jì sí ibi tí ìṣirò yẹ kí ó wà, bí ó tilẹ̀ gba máàkì gíga, wọn kò ní gbà á sí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Ìrora irú èyí pọ̀, nítorí pé ọmọ náà kò kùnà nínú ìdánwò. Yíyàn ni ó ṣì yàn.

Yàtọ̀ sí èyí, yóò ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó jẹ mọ́ ohun tí ó fẹ́ kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan a máa gba èsì ìjókòó méjì, òmíràn kì í gbà ju ti ìjókòó kan lọ fún àwọn ẹ̀kọ́ kan. Ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ kà á pẹ̀lú ọmọ kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ fọ́ọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí kò mọ ọmọ yín rí.

ÌKẸTA: KÍ A ṢÍRÒ ỌDÚN ÀTI OWÓ

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ilé kí a tó yan ẹ̀kọ́. Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn, lẹ́yìn èyí ọdún kan tí dókítà tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. Ọdún 5 ni ti ẹnjiníà, ti iṣẹ́ ọ̀gbìn, àti ti nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Ọdún 5 ni ti òfin, lẹ́yìn náà a ó tún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Ọdún 4 ni ti ìtàn, èdè, ìṣirò àti púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni gbogbo owó: oúnjẹ wà, ilé gbígbé wà, ìwé wà, ọkọ̀ wà, àìsàn sì wà.

Ọlọ́run ti mú kí ilé-ẹ̀kọ́ súnmọ́ wa ju ti ayé àwọn baba wa lọ. Ọmọ Ìkọ̀lé tí ó lọ sí Èkó ní ọdún 1940 kò ní yunifásítì kankan ní gbogbo Nàìjíríà, nítorí pé ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Lónìí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìkọ̀lé sì ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ìmọ̀ ẹnjiníà. Ọmọ tí ó lè ti ilé jáde ní òwúrọ̀, kí ó sì padà jẹ iyán ìyá rẹ̀ ní alẹ́, ti dín ìdajì ẹrù kù fún òbí rẹ̀. Kò yẹ kí a fi ojú tínrín wo ilé-ẹ̀kọ́ kan nítorí pé ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa.

Fún àwọn tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, òfin tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ti dá àjọ NELFUND sílẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tí ó sì ti rí iṣẹ́, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí san án padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀. Gbèsè ni síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a ta ilẹ̀ tí àwọn ọmọ mẹ́rin yòókù yóò máa dá oko lórí rẹ̀.

ÌKẸRIN: Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Bí yunifásítì kò bá ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ayé kò tíì parí. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Adó. Jos ni a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1977, a sì gbé e wá sí Adó ní ọdún 1982. Ọdún 2 ni ẹ̀kọ́ ìpele kìíní ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀; akẹ́kọ̀ọ́ a lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́, kí ó tó padà wá fi ọdún 2 mìíràn gba ìwé-ẹ̀rí gíga tí a ń pè ní HND. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú wà, níbi tí a ti ń fi ọdún 3 gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa nínú ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí lè wọ yunifásítì ní kíláàsì ọdún kejì nípa ètò tí a ń pè ní Direct Entry. Ẹni tí iṣẹ́ tàbí ọmọ kò jẹ́ kí ó kúrò nílé lè kàwé ní National Open University.

Àpẹẹrẹ wà nítòsí. Aàrẹ Afẹ́ Babalọlá, ọmọ Adó-Èkìtì, kò ní àǹfààní láti jókòó ní kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nínú ilé ni ó ti ń ka ẹ̀kọ́ tí a ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba oyè Yunifásítì London nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, tí ó tún gba ti òfin, tí ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1963. Ní ọdún 2009, òun fúnra rẹ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó. Ọ̀nà rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ó dé ọjà.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ di ìjìyà fún ọmọ tí ó kùnà. Télọ̀, káfíńtà, bíríkìlà, mẹkáníìkì àti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, gbogbo wọn ni ìlú ń wá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá kò kéré sí ẹni tí orí rẹ̀ pé. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ńkọ́? Ohun ìyanu ni pé àwa tí iṣu àti kòkó rán ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń tijú nígbà tí ọmọ wa bá sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ nípa iṣu àti kòkó.

ỌMỌ TÍ Ó JÓKÒÓ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpèjúwe kan yẹ̀ wò. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan wà tí bàọ́lọ́jì àti kẹ́místìrì yé dáadáa, tí ìṣirò rẹ̀ sì tó, ṣùgbọ́n tí físíìsì ń dà á láàmú. Baba rẹ̀ ti ṣèlérí fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé dókítà ni ọmọ òun yóò ṣe. Ó ṣe JAMB ní ọdún kìíní, kò tó; ó ṣe é ní ọdún kejì, kò tó; ní ọdún kẹta, ọmọ náà kò fẹ́ jáde síta mọ́, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń padà wá sílé pẹ̀lú aṣọ yunifásítì lọ́rùn.

Kí ni a bá ti ṣe? Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn lè mú ìṣirò dípò físíìsì nínú ìdánwò JAMB. Bí ó bá ti wọlé ní ọdún kìíní, ìbá ti ku ọdún méjì péré kí ó jáde, kí ó máa tọ́jú irúgbìn tàbí ẹran ọ̀sìn, pẹ̀lú bàọ́lọ́jì kan náà tí ó fẹ́ràn. Àwa kò sọ pé kí ọmọ má ṣe gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kan tí a kùnà kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìgbìyànjú kejì ní ìdí: kí a mọ ohun tí ó fa ìkùnà, kí a sì mọ ohun tí yóò yàtọ̀. Bí kò bá sí ohun tí yóò yàtọ̀, ìgbéraga òbí ni ọmọ ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ kíyèsára pẹ̀lú nípa àwọn tí ń sọ pé àwọn mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ń ṣe ètò ìgbàwọlé lórí ẹ̀rọ tí a ń pè ní CAPS. Ìgbàwọlé tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá yóò di ìdènà fún ọmọ ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí owó kò bá tó fún méjì, kò tọ́ kí a máa dá ọmọbìnrin dúró ní ìgbà gbogbo kí ọmọkùnrin lè lọ. Ẹ wo ẹni tí ó ti ṣetán, kì í ṣe ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin.

ÌBÉÈRÈ FÚN AGBO ILÉ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀. Òbí mọ ohun tí ó wà nínú àpò, ó sì ti rí ayé jù ú lọ. Nítorí náà ẹ jókòó pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láìbínú:

1. Iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí ń ṣe tí a kì í fi igi lé e kí ó tó ṣe é?

2. Ẹ̀kọ́ wo ni ó ti ń ṣe dáadáa fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ní ìgbà kan ṣoṣo?

3. Ta ni a mọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ tí ó ń fẹ́, ǹjẹ́ ọmọ sì ti bá a sọ̀rọ̀?

4. Ọdún mélòó ni ẹ̀kọ́ náà, ta ni yóò sì san owó ọdún tí ó gbẹ̀yìn?

5. Bí ọ̀nà kìíní kò bá ṣí, kí ni ọ̀nà kejì? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí èsì tó jáde.

6. Bí kò bá sí ẹni tí yóò yìn wá, ǹjẹ́ a ó ṣì yan ẹ̀kọ́ yìí fún un?

Ìbéèrè kẹfà ni ó wúwo jù. Ẹni tí ó bá lè fi òtítọ́ dáhùn rẹ̀ ti ṣe ọmọ rẹ̀ ní oore ńlá. Kí Ọlọ́run fún àwọn òbí wa ní sùúrù, kí ó fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ́lẹ̀ láti rí ọ̀nà tiwọn, kí ó sì fún wọn ní agbára láti tọ̀ ọ́ dé òpin. Àmín.